Mo fẹ́ pe àwọn alágbàtà wá wo gàrí mi ní Ìjẹ̀bú-Òde: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kó má dà bíi ti èṣí

Ìyá Gàrí Òde (Ọjọ́ Ajé, 7:40 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbààwẹ̀, Ọlọ́run á gbà á.

Gàrí ni mò ń ṣe. Ẹ̀gẹ́ mi ń ti apá Ìjẹ̀bú-Igbó wá, ṣùgbọ́n Òde níbí ni a ti ń bó o, tí a ti ń rin ín, tí a ti ń fún un, tí a sì ti ń yan án. Obìnrin márùn-ún ló ń bá mi ṣiṣẹ́. Lóṣù, a máa ń ta tó àpò 40. Nọ́ńbà NAFDAC wa jáde lóṣù tó kọjá, mo sì ti ṣe ọ̀rá tuntun, oníkílò kan àti oníkílò márùn-ún, yàtọ̀ sí àpò oníkílò 50 tí a ń tà tẹ́lẹ̀. Mo wá fẹ́ pe àwọn alágbàtà, àwọn tó ní súpámákẹ́ẹ̀tì àti àwọn olóúnjẹ jọ sójú kan, kí wọ́n rí ọjà, kí wọ́n tọ́ ọ wò, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á lọ́wọ́ mi.

Mo ti dán an wò lẹ́ẹ̀kan léṣìí. Mo pe 200 ènìyàn, mo gba gbọ̀ngán, mo pe MC, mo se ìrẹsì. Àwọn tó wá ò ju 70 lọ, àwọn ìbátan mi àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n gba ike ìbomi tí mo kọ orúkọ iṣẹ́ mi sí, wọ́n gbàdúrà fún mi dáadáa. Àpò mẹ́rin péré ni mo tà. Mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nísinsìnyí, ₦1,200,000 ni mo ní, owó àjọ tí mo kó sì wà nínú ẹ̀. Bí mo ṣe pín in rèé: gbọ̀ngán ₦300,000, oúnjẹ ènìyàn 150 ₦500,000, MC àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ₦150,000, ẹ̀bùn tí wọ́n máa mú lọ ilé ₦150,000, káàdì ìpè àti báńà ₦60,000, jẹnẹrétọ̀ àti ohun tó bá ṣẹ́kù ₦40,000. Ṣé kí n fi sí àsìkò Òjúde Ọba, nígbà tí ìlú bá kún? Àbí kí n ti ṣe é ṣáájú? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí ni mo fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀.

Ọmọ Òde Pọ́ńbélé (Ọjọ́ Ajé, 8:05 àárọ̀)

Òjúde Ọba ni o! Gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà ní Èkó, Àbújá àti òkè òkun ló ń bọ̀ nílé. Owó ń bẹ nílùú lọ́jọ́ náà. Èmi ò mọ ìgbà tó tún dára jùyẹn lọ. Ẹ gba àyè sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹ gbé gàrí síta.

Alákánópì Ṣàgámù (Ọjọ́ Ajé, 9:31 àárọ̀)

Àǹtí mi, ẹ kú ìnáwó tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn.

Kánópì, àga àti tábìlì ni mò ń yá àwọn ènìyàn, láti Ṣàgámù títí dé Òde, ó ti lé lọ́dún 12. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Òjúde Ọba. Àwọn régbérégbé, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kan náà, ti máa ń sanwó àga wọn sílẹ̀ tipẹ́. Bí ẹ bá pè mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, mi ò ní ohun tí mo máa gbé fún yín, bí mo bá sì rí i, owó ẹ̀ ò ní jẹ́ iye tí ẹ rò. Yàrá òtẹ́ẹ̀lì ńkọ́? Ó ti tán. Aṣọ, ẹṣin àti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí ojú ti ń pọ́n wọn láti rí ló wà lọ́kàn àwọn tó bá wá. Ta ló máa gbé àpò gàrí lé agbádá dàmáàsìkì?

Ọjọ́ yòówù tí ẹ bá mú, ẹ kọ́kọ́ bi olórítun, ìyẹn olórí àdúgbò yín. Ní nǹkan bí oṣù keje ni Agẹmọ máa ń jáde, obìnrin kò sì gbọdọ̀ fojú kàn án. Orò náà ní ọjọ́ tiẹ̀, ní Òde àti ní Rẹ́mọ. Mo gbé kánópì lọ sí ìlú kékeré kan rí, a ò tíì kàn án tán tí wọ́n fi sọ fún wa pé obìnrin kankan ò gbọdọ̀ jáde láti ìrọ̀lẹ́. Èkó ni onínàáwó ń gbé, kò bi ẹnikẹ́ni. Àwọn obìnrin ló ń se oúnjẹ, obìnrin ló pọ̀ jù nínú àlejò. Bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ ṣe tutù dànù.

Tí ẹ bá fẹ́ pe àwọn ará Èkó, ẹ má fi sí ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, torí ìsìn Redemption City ń kó èrò púpọ̀ gba márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lọ́jọ́ náà. Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ náà, àwọn tó ń lọ Prayer City wà lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti apá Lẹ́kìí lè gba Ẹ̀pẹ́ wọ Òde, kò ní bá wọn pàdé.

Ọmọ Òde Pọ́ńbélé (Ọjọ́ Ajé, 9:50 àárọ̀)

Mo gbọ́ ti àga. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta nǹkan lọ́jọ́ Òjúde Ọba ń rí owó, ojú mi ni wọ́n ṣe ń tà á.

Alákánópì Ṣàgámù (Ọjọ́ Ajé, 10:12 àárọ̀)

Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Omi tútù, fìlà, sùyà, wọ́n á tà á. Ọ̀rá oníkílò kan Àǹtí náà lè tà, kí wọ́n gbé ọmọ méjì síta pẹ̀lú agbọ̀n, kí orúkọ ọjà sì di mímọ̀. Alágbàtà tó máa jókòó bá yín ṣírò owó àpò 20 ni ẹ ò ní rí lọ́jọ́ náà.

Onísírò Ìlíṣàn (Ọjọ́ Ajé, 12:20 ọ̀sán)

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Kí a tó sọ̀rọ̀ ọjọ́, èrè mélòó ló kù fún yín lórí àpò kan, lẹ́yìn ẹ̀gẹ́, igi ìdáná, owó àwọn òṣìṣẹ́, àpò àti ọkọ̀?

Ìyá Gàrí Òde (Ọjọ́ Ajé, 12:58 ọ̀sán)

Ó máa ń tó ₦4,000. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ilẹ̀ bá le, tí ẹ̀gẹ́ ṣòro wà, tó sì wọ́n, kì í tó bẹ́ẹ̀.

Onísírò Ìlíṣàn (Ọjọ́ Ajé, 1:15 ọ̀sán)

Ẹ ṣé. ₦1,200,000 pín sí ₦4,000 jẹ́ 300. Ẹ gbọ́dọ̀ ta àpò 300 kí owó ìnáwó ọjọ́ kan yìí tó padà sápò yín. Àpò 40 lẹ ń tà lóṣù, oṣù méje ààbọ̀ nìyẹn, kí ẹ tó jẹ èrè kọ́bọ̀. Ìdajì owó yẹn ni kí ẹ ná, bó bá ṣeé ṣe. Nínú ètò yín, kò sí ohun kan tó ní í ṣe pẹ̀lú gàrí. Gbọ̀ngán, ìrẹsì, MC, ike. Ìnáwó ìsọmọlórúkọ náà máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Alágbàtà Mushin (Ọjọ́ Ajé, 3:44 ìrọ̀lẹ́)

Ìṣirò yín dára, Ọ̀gá, ṣùgbọ́n ẹ gbàgbé nǹkan kan. Alágbàtà kì í rà lẹ́ẹ̀kan. Bí èmi bá rí gàrí tó tẹ́ mi lọ́rùn, tí mò ń gba àpò mẹ́wàá lóṣù, àpò 120 nìyẹn lọ́dún. Irú mi mẹ́ta ti lé ní 300. Kì í ṣe bí èrò ṣe máa pọ̀ tó ni kí Àǹtí máa wá. Irú wa mẹ́ta, mẹ́rin, ni kí wọ́n wá rí.

Gàrí ni mò ń tà ní Mushin, ó ti tó ọdún 15, torí náà èmi gan-an ni ẹni tí ẹ fẹ́ pè. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó lè mú mi ti ṣọ́ọ̀bù mi pa.

Káàdì ìpè ò lè mú mi wá. Bí ẹ bá fi kọ́ńgò méjì gàrí ránṣẹ́ sí mi ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, tí mo jẹ ẹ́ nílé, tí mo bù fún àwọn oníbàárà mi tó mọ gàrí, tí wọ́n bi mí pé níbo ni mo ti rí i, èmi fúnra mi ni màá pè yín.

Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ yín, màá ti ọwọ́ bọ inú àpò títí dé ìgúnpá, torí àwọn kan máa ń da èyí tó dára sórí, wọ́n á fi èyí tó rin sísàlẹ̀. Màá fún un lọ́wọ́: èyí tó bá lẹ̀ mọ́ra ò gbẹ, á sì hu ní ṣọ́ọ̀bù mi kí oṣù tó parí. Màá da omi tútù sí i, màá wò ó bóyá á wú, bóyá yanrìn á jókòó sídìí abọ́, bóyá okùn ẹ̀gẹ́ ń léfòó. Lẹ́yìn náà ni màá tọ́ kíkan ẹ̀ wò. Ní Èkó, gbogbo gàrí funfun ni wọ́n ń pè ní ti Ìjẹ̀bú. Àwa tí a mọ̀ ọ́n mọ̀ pé gàrí Ìjẹ̀bú ò ní epo, ó kúnná, ó gbẹ, ó sì kan, torí pé ó pẹ́ lórí ìfúnpọ̀. Ẹ sọ fún wa iye ọjọ́ tí ó fi ń wà níbẹ̀ kó lè kan. Bí ẹ bá ní oríṣi méjì, ẹ gbé e síwájú wa lábọ́ méjì.

Ẹ gbé òṣùwọ̀n síta. Mo ti ra àpò tí wọ́n kọ kílò 50 sí lára, tí ó jẹ́ 46 nígbà tí mo gbé e lé ìwọ̀n. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n níṣojú mi, mi ò ní fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Paríparí ẹ̀, mi ò fẹ́ gbọ̀ngán. Ibi tí ẹ ti ń yan án ni mo fẹ́ rí.

Aya Tísà (Ọjọ́ Ajé, 5:02 ìrọ̀lẹ́)

Háà, ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí kẹ̀? Omi ẹ̀gẹ́ ń rùn, eṣinṣin wà, èéfín ń ta ènìyàn lójú. Ẹni tó ní súpámákẹ́ẹ̀tì á wọ bàtà funfun wá síbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a gbé ara wa níyì, Àǹtí. Ọjà tí a bá gbé sí ibi tó lẹ́wà ni wọ́n máa ń bọ̀wọ̀ fún. Gbọ̀ngán tó mọ́ ni mo fara mọ́.

Alágbàtà Mushin (Ọjọ́ Ajé, 5:20 ìrọ̀lẹ́)

Mà, bí ibẹ̀ bá ń rùn tó bẹ́ẹ̀, mi ò gbọdọ̀ ra gàrí ibẹ̀. Ìdí tí mo fi fẹ́ rí i nìyẹn.

Ìyá Gàrí Òde (Ọjọ́ Ajé, 8:47 alẹ́)

Mo ti ń ka gbogbo ẹ̀, ọkàn mi ń lọ síhìn-ín lọ sọ́hùn-ún. Ibi iṣẹ́ mi mọ́, ẹni NAFDAC wá wò ó kí wọ́n tó fún wa ní nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n gọ́tà omi ẹ̀gẹ́ wà ní gbangba, àgbàlá sì máa ń di ẹrẹ̀ bí òjò bá rọ̀. Ó máa ná mi lówó. Àyè tó wà níbẹ̀ ò lè gbà ju 80 ènìyàn lọ.

Alákánópì Ṣàgámù (Ọjọ́ Ajé, 9:05 alẹ́)

Ẹ fi owó gbọ̀ngán tún un ṣe, Àǹtí. Bí ìnáwó bá parí, gọ́tà yín ṣì wà níbẹ̀. Kánópì mẹ́rin tó fún ènìyàn 80. Ẹ má da iyanrìn sí ẹrẹ̀ o, òkúta wẹ́wẹ́ ni kí ẹ dà, iyanrìn á tún di ẹrẹ̀.

Olóúnjẹ Ìkẹ́nnẹ́ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:30 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o. Bí wọ́n ṣe ní kí ẹ dín ìnáwó kù yìí, ẹ lè fẹ́ yọ oúnjẹ kúrò. Ẹ má dán an wò! A kì í pe ènìyàn wá láti Èkó kí ebi wá pa á padà. Ṣùgbọ́n ìrẹsì kọ́ ni kí ẹ sè. Ẹ ń ta gàrí, ẹ sì se ìrẹsì fún wọn, kí ni wọ́n fẹ́ rántí?

Gàrí yín ni kí ẹ fi ṣe oúnjẹ. Bí wọ́n bá ṣe ń dé, ẹ bu gàrí fún wọn pẹ̀lú omi tó tutù nini, ẹ̀pà, ṣúgà lọ́tọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́, àti ẹja díndín. Ní ọ̀sán, ẹ fi èbà gbígbóná àti ẹ̀fọ́ rírò bọ́ wọn. Fún àwọn àlejò, ẹ se ikọ́kọrẹ́ sí i, kí wọ́n mọ̀ pé Ìjẹ̀bú ni àwọn wá.

Àgbà Régbérégbé (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:14 àárọ̀)

Ikọ́kọrẹ́ ò gbọdọ̀ wà lọ́tọ̀ o, ọmọ mi. Ewùrà ni, kò sí gàrí nínú ẹ̀. Bí àwa ṣe ń jẹ ẹ́ láti ilé bàbá wa ni pé kí èbà tútù tẹ̀lé e. Ẹ tẹ èbà náà láàárọ̀, kí ó ti tutù, kí ẹ gbé e ti ikọ́kọrẹ́ gbígbóná. Ibẹ̀ ni wọn á ti mọ̀ bí gàrí yín ṣe rí, torí gàrí tí kò dára ò ṣeé tẹ̀ ní èbà tútù, á le gbagidi.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Gbogbo yín ń sọ ti Èkó, ṣùgbọ́n ẹ ò sọ ti ilé. Ìyá Gàrí, ṣé ẹ wà nínú régbérégbé? Ẹ lọ síbi ìpàdé wọn, ẹ bẹ̀ wọ́n fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ mú ọ̀rá gàrí lọ́wọ́. Nínú ẹgbẹ́ tèmi, ẹni tó ní ilé ìwé tó ń fún ọmọ lóúnjẹ wà níbẹ̀, ẹni tó ní òtẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀, a sì mọ ẹni tó ní súpámákẹ́ẹ̀tì ní Ṣàgámù. Ọmọ ẹgbẹ́ ẹni kì í dá ni lóhùn bí àjèjì. Ẹ lọ kí àwọn ìyálọ́jà Òkè-Ajé náà kí wọ́n tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Wọ́n lè má ra àpò kan, ṣùgbọ́n ẹnu wọn tó.

Ẹ má pe àwọn lọ́lá-lọ́lá jókòó síwájú. Bí ẹ bá ní kí àwọn bíi mẹ́ta wá, ẹ ó dúró dè wọ́n títí di aago méjì, ẹ ó máa ki wọ́n, wọ́n á tún sọ̀rọ̀, ẹni tó fẹ́ ra gàrí á sì ti lọ. Olórítun yín nìkan ti tó, kí ó gbàdúrà, kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀dọ́ Àgọ́ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:40 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Yunifásítì OOU ni mo wà, ní Àgọ́-Ìwòyè. Ẹ má tẹ káàdì, owó ṣòfò ni. Ẹ ya fídíò kékeré níbi tí ẹ ti ń yan gàrí, ìṣẹ́jú kan péré, ẹ fi sórí WhatsApp. Ẹ ṣe fọ́ọ̀mù lórí Google kí ẹni tó bá ń bọ̀ kọ orúkọ sílẹ̀. Kí wọ́n sì san ₦2,000 sílẹ̀, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú owó àpò àkọ́kọ́ tí wọ́n bá rà. Ẹni tó bá sanwó á wá.

Àgbà Régbérégbé (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:02 àárọ̀)

Ọmọ mi, fídíò yẹn dára. Ti ₦2,000 ni mi ò fara mọ́. Ẹni tó tó ìyá ẹ, o fẹ́ kó sanwó kó tó wá wo ọjà? Wọ́n á ní Ìjẹ̀bú ti dé.

Alágbàtà Mushin (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:30 àárọ̀)

Mi ò ní san án, Bàbá, òótọ́ lẹ sọ. Mi ò sì ní kọ orúkọ sí fọ́ọ̀mù kankan, ọwọ́ mi kún fún gàrí láti àárọ̀. Ẹ pè mí lórí fóònù. Ẹ pè mí ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ẹ tún pè mí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tó bá dáhùn lẹ́ẹ̀mejèèjì ni kí ẹ se oúnjẹ fún. Kí ẹ má sì fi sí Àbámẹ́ta, ọjọ́ ọjà wa tó gbóná nìyẹn, àwọn tó ń se oúnjẹ náà wà lóde ìnáwó. Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú ló dára.

Ọ̀rọ̀ àwìn náà wà ńlẹ̀. Àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì á fẹ́ gba ọjà sílẹ̀ kí wọ́n tó sanwó. Ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa sọ kí wọ́n tó dé.

Onísírò Ìlíṣàn (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:11 ọ̀sán)

Lórí àwìn yìí: ẹ má ṣe é ní ọjọ́ náà rárá. Kí owó kọ́kọ́ wọlé ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ 14. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé iye owó, kó má jẹ́ pé ojú lẹ máa fi wo oníkálukú.

Ẹ má sì kọ iye kan tó máa dúró dọdún. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé ẹ̀gẹ́ máa ń wọ́n lẹ́ẹ̀rùn. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé iye náà wà fún ọjọ́ 30. Ẹ wá POS méjì tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn yàtọ̀ síra, kí ẹ sì fi ẹnì kan tí ojú ẹ̀ là sídìí owó. Kí ẹni tó ń gbowó má tún máa bu gàrí.

Aya Tísà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:05 ọ̀sán)

Mo ti ronú sí i. Bí ẹ bá máa ṣe é níbi iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí àwọn obìnrin márùn-ún yẹn wọ aṣọ kan náà, kí wọ́n de orí, kí wọ́n gé èékánná. Kí wọ́n yan gàrí níṣojú àlejò. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ tó ti rà wà nítòsí lọ́jọ́ náà. Ẹ wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó dára, torí ẹ̀yin ọkùnrin kì í rántí ìyẹn.

Ìyá Gàrí Òde (Ọjọ́bọ̀, 9:18 alẹ́)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti lọ bá olórítun wa. Wọ́n ní kò sí ohunkóhun ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kẹrin, ìtúnu ààwẹ̀ àti Àjíǹde náà á ti kọjá. Ọjọ́rú ni mo mú. Mo ti yọ MC kúrò, mo yọ ike kúrò. 60 ni màá pè. Ọ̀la ni a máa bẹ̀rẹ̀ gọ́tà.

Ìyá Gàrí Òde (Ọ̀sẹ̀ 12 lẹ́yìn ìgbà náà, Ọjọ́ Àìkú, 4:30 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀yin ará ilé, mo jẹ yín ní ìròyìn, ẹ má bínú pé ó pẹ́. Mo fẹ́ kí owó kọ́kọ́ yé mi kí n tó sọ̀rọ̀.

Mo pe 60, 44 wá. Mẹ́sàn-án nínú wọn wá láti ẹgbẹ́ régbérégbé wa, tàbí kí ẹni tó wà níbẹ̀ mú wọn wá. Bàbá, Ọlọ́run á fún yín lẹ́mìí gígùn. Bọ́ọ̀sì méjì ni mo háyà fún àwọn ará Èkó, torí mo rí i pé ẹni tó bá ní kò rí ọkọ̀ ò ní wá.

Owó tó jáde: oúnjẹ ₦210,000, bọ́ọ̀sì ₦140,000, gọ́tà, òkúta wẹ́wẹ́ àti àtúnṣe ₦110,000, kánópì, àga àti tábìlì ₦95,000, gàrí ìtọ́wò tí mo fi ránṣẹ́ ₦60,000, jẹnẹrétọ̀ àti epo ₦45,000, gbohùngbohùn kékeré ₦40,000, ìwé iye owó àti ìwé tí a fi kọ orúkọ àwọn tó rà ₦30,000. Àròpọ̀ ẹ̀ ₦730,000.

Aago mẹ́wàá ni mo dá. Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a bẹ̀rẹ̀, èèyàn 20 ló wà níbẹ̀ nígbà yẹn. A ò dúró de ẹnikẹ́ni. Abọ́ méjì ni mo gbé kalẹ̀, ọlọ́jọ́ mẹ́ta àti ọlọ́jọ́ márùn-ún. Àwọn olóúnjẹ mú ọlọ́jọ́ mẹ́ta torí èbà, àwọn alágbàtà mú ọlọ́jọ́ márùn-ún torí mímu. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀! Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni mo máa ń pò wọ́n mọ́ra. Ní báyìí, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mò ń dì wọ́n.

Nígbà tí a gbé àpò lé òṣùwọ̀n, àkọ́kọ́ jẹ́ 49 àti díẹ̀. Àyà mi já. Mo ní kí wọ́n tú u, kí wọ́n bu kún un níwájú gbogbo ènìyàn, a sì tún wọ̀n ọ́n. Ìyá kan láti Ṣàgámù pàtẹ́wọ́. Òun ló kọ́kọ́ sanwó.

Ohun tí kò dára: òjò dé ní aago mẹ́ta, nẹ́tíwọ́ọ̀kì POS méjèèjì sì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan fi táńsífà hàn mí lórí fóònù ẹ̀, mo jẹ́ kó gbé àpò méjì lọ, owó náà ò wọlé dòní. Ẹ̀bi mi ni, Onísírò ti sọ pé kí n fi ẹlòmíràn sídìí owó, èmi ni mo dúró níbẹ̀ torí ọmọ tí mo fi síbẹ̀ lọ jẹun.

Àpò 58 ni wọ́n san owó ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó yá, àwọn tó padà wá ti ra 49 sí i. 107 ni gbogbo ẹ̀, èrè ₦428,000. Owó ìnáwó ò tíì pé padà, ó ku bí àpò 76, kí n tó wá wo ti méjì tó lọ láìsanwó. Ṣùgbọ́n mẹ́fà nínú wọn ti ń gbà á lóṣooṣù.

Aya Tísà (Ọjọ́ Àìkú, 5:10 ìrọ̀lẹ́)

Mo bá yín yọ̀, Àǹtí! Eṣinṣin ńkọ́? Ọmọ àbúrò mi náà fẹ́ ṣe irú ẹ̀ ní Ìperu.

Ìyá Gàrí Òde (Ọjọ́ Àìkú, 5:34 ìrọ̀lẹ́)

A dá rírin àti fífún dúró ní ọjọ́ méjì ṣáájú, a wá fọ gbogbo ilẹ̀ pẹ̀lú omi àti ọṣẹ. Èyí tí a máa yan lọ́jọ́ náà ti wà lórí ìfúnpọ̀ tẹ́lẹ̀. Gọ́tà tí a bò mọ́lẹ̀ ló ṣiṣẹ́ jù. Kí ó má ju èèpo ẹ̀gẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé, kí ó pe àwọn tó ń sin ewúrẹ́ wá kó o.

Alágbàtà Mushin (Ọjọ́ Àìkú, 7:52 alẹ́)

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, èbà tútù yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Àǹtí, ọ̀rá oníkílò kan ti tán ní ṣọ́ọ̀bù mi láti ọjọ́ Ẹtì. Ẹ fi 50 kún ti Ọjọ́rú, ọlọ́jọ́ márùn-ún ni o.